Ọjọ́ Tí Òkun Ru ní Marsalforn, Tó sì Ru ní Xlendi

Alárinà ni mí nínú ìtàn yìí. Àṣìṣe tó wà nínú rẹ̀, èmi gan-an ni mo ṣe é. Mo tètè ń jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì má baà bá mi jẹ́wọ́. Filumena lorúkọ mi, léèsì ni mò ń hun ní ìlú Bormla. N kò lọ́kọ rí, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá fẹ́ mi. Nazju, tó ń lu irin níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òkun ṣe, àbúrò mi ni. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́mọdé, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, Salvina. Ọwọ́ mi ni ọmọ náà dàgbà sí.

Àwa ará Malta, tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, tí Àjọ̀dún Santa Marija, ọdún Màríà ìyá Jésù, bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ilé kì í gbà wá mọ́. A ó di ibùsùn, a ó di sítóòfù, a ó kó ehoro sínú àgò, a ó sì wọkọ̀ ojú omi kọjá sí erékùṣù Gozo. Tí a bá dé Gozo, ọ̀nà méjì ló wà, etíkun Marsalforn tàbí ti Xlendi. Ibi tí bàbá ẹni bá ń lọ lèèyàn ń lọ, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Mo mọ ọkùnrin kan tó yí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Kò yí etíkun rẹ̀ padà.

Marsalforn ni tiwa. Nazju kì í pe Xlendi lórúkọ, "inú kòtò yẹn" ló ń pè é. Á ní, "Oòrùn ò tíì yọ tán tí àpáta ti gbé e mì. Ṣé èèyàn ni wọ́n ni, àbí alákàn?" Àwọn ará Xlendi náà ò sì dákẹ́ fún wa. Wọ́n ní atẹ́gùn Marsalforn ló kọ́kọ́ máa ń jẹun, àwa a wá jẹ èyí tó ṣẹ́kù.

Orí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti pàdé. Àgò wa ṣí, akọ ehoro kan fò jáde, ó ń sá láàárín ẹsẹ̀ àwọn èrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan na ọwọ́, ó gbá a mú létí, ó gbé e sókè.

Ó ní, "Ta ló ni ìjòyè yìí?"

Salvina dá a lóhùn pé, "Àwa la ni ín."

"Ó fẹ́ padà sílé. Kí lẹ ṣe fún un?"

"A ò tíì ṣe nǹkan kan fún un. Ọjọ́ Santa Marija la fẹ́ jẹ ẹ́. Ìwọ tí wọ́n bá fẹ́ jẹ, ṣé o ò ní sá?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbàgbé láti fún wa ní ehoro wa. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ń wo Salvina. Salvina náà ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sílẹ̀. Èmi tí mo jókòó lórí ẹrù, orí mi wú. Mo ti rí òkun yẹn nígbà àìmọye, n kò rí i kí ó parọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ yí ẹni méjì ká rí.

"Etíkun wo lẹ ń lọ?" Ohun tó jáde lẹ́nu ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyẹn.

"Marsalforn. Ìwọ ńkọ́?"

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Xlendi," ló wí, bí ẹni tó ń sọ pé òun ti níyàwó nílé.

Wistin lorúkọ rẹ̀, káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi onípákó ní Isla, ní òdìkejì omi sí ọ̀dọ̀ wa. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti wá ra aṣọ ìnujú oníléèsì lọ́wọ́ mi nígbà mẹ́rin. Ó ní ìyá òun ni òun ń rà á fún.

Mo ní, "Wistin, ìyá kan, aṣọ ìnujú mẹ́rin. Ṣé ikun imú ìyá rẹ pọ̀ tó báyẹn ni?"

Ó tẹ orí ba. "Àǹtí, ẹ gbà mí. Tí mo bá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yín yìí tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, n kì í rántí ọ̀nà ilé wa mọ́. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀."

Mo bá a sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn.

Nazju ò rí àléébù kankan lára ọmọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ Xlendi, ó gbé síbí sílẹ̀. Láyé àtijọ́ lọ́dọ̀ wa, bàbá ìyàwó a máa mú kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé ìgbéyàwó pé ọkọ gbọ́dọ̀ mú ìyàwó lọ síbi àjọ̀dún kan lọ́dọọdún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹjọ́ dé. Nazju ní dandan, àfi kí wọ́n kọ tirẹ̀: ní gbogbo Santa Marija, títí ikú yóò fi yà wọ́n, Wistin yóò mú Salvina wá sí Marsalforn.

Ó ní, "Filumena, mò ń fi òòlù lu irin láti January dé December, etí mi ti ń di. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo máa ń jókòó lójú kan tí mo máa ń gbọ́ ohùn ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni kí n gbé fún ará inú kòtò?"

Mo gbé iṣẹ́ náà dé Isla, fún Lonza, ìyá Wistin. Opó ni, ó sanra, dúdú ni gbogbo aṣọ rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ, kò wojú mi.

"Ẹ kí àbúrò yín. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó bá gbé ọmọ mi kúrò ní Xlendi lọ́jọ́ Santa Marija, kó kúkú gbé e lọ pátápátá. N ò ní ọmọ mìíràn tí mo máa fi dípò, mi ò sì ní ibòmíì tí mò ń lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo pa òwe fún un, mo fi àwàdà kún un. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Ọdún kan kọjá, ọdún kejì kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ Santa Marija, wákàtí kan àbọ̀ ni ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn máa fi ti Marsalforn dé Xlendi, ṣùgbọ́n nígbà náà ọmọbìnrin kì í lọ bá ọkùnrin tí kò tíì fi òrùka sí i lọ́wọ́. Salvina a dúró létí omi wa lówùúrọ̀, á kọ ẹ̀yìn sí òkun, á máa wo ojú ọ̀nà. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ń bá mi ṣa òwú, ó wá ní:

"Àǹtí, tí mo bá tẹ̀lé Wistin, mo ti fi bàbá mi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo tó ń rí jókòó. Tí mi ò bá tẹ̀lé e, kí ni màá fi gbogbo ọjọ́ tó kù ṣe? Ẹ̀rù ń bà mí. Ìfẹ́ yìí tóbi jù mí lọ. Tí mo bá ń rò ó, ṣe ló ń ṣe mí bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí òkun ní kékeré tí mo di yẹ̀rì yín mú."

Ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí, kí ló fẹ́ sọ?

Ní ọdún kẹta, ọmọ oníbúrẹ́dì kan yọjú, Marsalforn ni àwọn náà ń lọ. Nazju ní tí Santa Marija ọdún yìí bá kọjá tí ará Xlendi ò bá fọwọ́ sí ìwé, òun máa dá ọmọ oníbúrẹ́dì lóhùn. Salvina ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ìgbà náà ni ọgbọ́n burúkú yẹn sọ sí mi lọ́kàn.

Ọmọ ọdún márùn-ún lérékùṣù wa mọ̀ pé tí atẹ́gùn bá ti àríwá wá, Marsalforn á bàjẹ́, Xlendi á tòrò. Tó bá ti gúúsù wá, Xlendi á bàjẹ́, tiwa á tòrò. Mo ránṣẹ́ sí Wistin, mo sì sọ fún Salvina pé: "Ẹ jẹ́ kí òkun yàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún, kí kálukú yín wo omi tirẹ̀. Ẹni tí omi rẹ̀ bá ru, kó fi í sílẹ̀, kó lọ bá ẹnì kejì. Ibi tó bá tòrò la ó kọ sínú ìwé. Ta ló máa bá òkun jà?" Àwọn méjèèjì gbà. Mo yin ara mi, mo sùn bí ọmọ tuntun.

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì mọ́ tán tí Salvina fi jí mi. Ó ti wọṣọ.

"Àǹtí, omi wa ti bàjẹ́."

Mo yọjú. Ìgbì ń fò kọjá ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, omi ti wọ ojú títì. Salvina ò sunkún. Ó wo ilé tí bàbá rẹ̀ sùn sí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó ti yàn. Ẹ jẹ́ ká lọ." A sọ fún aládùúgbò pé ìsìn Máàsì la fẹ́ lọ gbọ́ nígboro, a wọ bọ́ọ̀sì.

Láti ìgboro, a wọ bọ́ọ̀sì kejì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Xlendi. Kí a tó dé ìsàlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ nǹkan. Mo rò pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, mo rí i pé òkun ni.

Àpáta Xlendi ga lápá ọ̀tún, ó ga lápá òsì, ẹnu tóóró ni òkun ń gbà wọlé. Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe pé ó ń wọlé, ó ń já wọlé. Omi ń gun àpáta lọ sókè, ó ń ga ju ilé lọ, ó ń fọ́ funfun, á wá já bọ́ pẹ̀lú ariwo tí ilẹ̀ ń gbà sára. Àwọn apẹja ti fa gbogbo ọkọ̀ sókè, wọ́n dúró, wọ́n ṣí fìlà. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo rò pé mo mọ òkun.

Mo bi apẹja àgbà kan pé, "Bàbá, ẹ gbà mí, ṣé kì í ṣe atẹ́gùn àríwá ló ń fẹ́ ni?"

"Òun náà ni. Àmọ́ ìgbì ìwọ̀ oòrùn ti ń bọ̀ lójú omi láti ìjẹta. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá. Kò síbi tó dára ní Gozo lónìí."

Mo wo Salvina. Ó ti yé e kí ó tó yé mi. Bí òkun Wistin náà bá ru, Wistin ti fi í sílẹ̀. Wistin ti wà ní Marsalforn.

Lonza jókòó lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsinmi rẹ̀, ó dojú kọ ẹnu omi, omi tó ń ta sókè ti rin ín gbingbin. Kò dìde.

"Filumena oníléèsì, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ òkun ní iṣẹ́ tó ń ṣe yìí?"

"Ẹ máà bínú, Ìyá Wistin. Wistin dà?"

"Ó ti lọ láti aago márùn-ún. Ó ní òkun ti yàn. Ó kúnlẹ̀, ó fi ẹnu ko ọwọ́ mi, ó fẹsẹ̀ rìn lọ bá yín." Ó wá yíjú sí Salvina. "Ìwọ lọmọ náà."

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà."

"O ti gba ohun tí o fẹ́. Ọmọ mi ti wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ. Kí lo tún ń wá níbí?"

Mo rò pé Salvina á yí padà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí òkúta tútù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Ó wo ibi tí Lonza ń wò. Omi fọ́ sí wa lára lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó mira.

Ó béèrè pé, "Mà, kí lẹ ń wò níbẹ̀?"

Ohùn Lonza rọ̀ díẹ̀. "Ibẹ̀ yẹn ni ọkọ mi gbà jáde. Ọjọ́ kan ṣáájú Santa Marija ni, ọdún mọ́kànlá rèé. Ó ní òun fẹ́ pa ẹja ọdún. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀, wọn ò rí i. Láti ìgbà náà, mi ò kúrò níbí lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn èèyàn ní mò ń ṣagídí. Tí ẹnì kan bá gba ẹnu ọ̀nà jáde, ṣé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà náà lèèyàn máa ń ṣọ́ ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbé iṣẹ́ lọ gbé iṣẹ́ bọ̀ láàárín ìdílé méjèèjì, n kò bi obìnrin yìí ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Salvina ní, "Mà, Wistin ò sọ fún mi rí."

"Kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà yẹn ni mò ń ṣọ́. Ó rò pé ilé ni mo fẹ́ràn."

"Tí ẹ bá gbà fún mi, èmi á máa bá yín jókòó. Ìwé tí bàbá mi ní kí wọ́n kọ, mi ò ní fọwọ́ sí i. Màá sọ fún un fúnra mi."

Lonza yí gbogbo ara rẹ̀ padà lórí àga, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló máa wá jókòó ti bàbá tìẹ?"

Ìgbà náà ni omijé Salvina tó bọ́, tó bọ́ wàrà.

Obìnrin yẹn bá dìde. Ó gbé àga wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì dúró, ó di kọ́kọ́rọ́ mú bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. "Dìde, ọmọ mi. Èèyàn kì í jí ọmọ onírin gbé lọ́jọ́ ọdún ku ọ̀la. Èmi fúnra mi ni màá dá ẹ padà fún un."

Nínú bọ́ọ̀sì, ó di ọwọ́ Salvina mú láti Xlendi dé Marsalforn.

Nígbà tí a dé, Nazju àti Wistin wà létí omi, wọ́n tutù láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì olóróró àti tòmátì nínú abọ́ kan. Ìgbì ti fẹ́ gbé ọkọ̀ kékeré àbúrò mi lọ ní àárọ̀, Wistin débẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, ó bẹ́ sómi tòun ti ṣòkòtò, àwọn méjèèjì sì fà á gúnlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ náà tó sọ ohun tó gbé e wá, tó sì fẹ́ sáré padà sí Xlendi. Nazju dì í mú láṣọ, ó ní, "Jókòó síbẹ̀. Ẹni méjì tó ń wá ara wọn, ó yẹ kẹ́nì kan dúró lójú kan. Filumena á mú un wá. Ẹni tó bà á jẹ́ ló máa tún un ṣe."

Nígbà tí Nazju rí Lonza, búrẹ́dì dúró sí i lẹ́nu. Gbogbo Gozo ló mọ̀ pé opó Xlendi kì í kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ Santa Marija. Ó ṣí fìlà.

"Ìyá Wistin. Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò wá jókòó. Ọmọ yín nìyí. Ó ní òun máa wá bá mi gbé lójú kan tí mo wà. Mo ní kò tọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kọjá lára Nazju. Kò dé Marsalforn rí láyé rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa kò sí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò sí ẹnu tóóró. Òkun nìkan ni, láti òpin ojú dé òpin ojú, gbogbo rẹ̀ ń ru, gbogbo rẹ̀ ń bọ̀. Ó rìn lọ bá a. Wistin fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, Salvina na ọwọ́ dá a dúró. Lonza bọ́ bàtà, ó gbé aṣọ dúdú rẹ̀ sókè díẹ̀, ìgbì kan wá, ó gùn ún dé orúnkún. Kò sún sẹ́yìn.

Ó ní, "Omi kan náà ni."

Kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà," ló tún wí, "ilé náà ò sì ní ògiri."

Ó sunkún níbẹ̀, nínú omi, gbangba, ọmọ rẹ̀ sì lọ dúró tì í, Salvina lọ dúró lápá kejì. Èmi náà ń sunkún, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́. Nazju ń lọ́ fìlà mọ́ ọwọ́, ó wo opó náà, ó wo ọmọ rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ti bọ́ sínú ọwọ́ Wistin lójú gbogbo Marsalforn. Mo ń retí kó pariwo. Ó yíjú sí mi.

"Filumena, sọ fún lọ́yà kó pa ìlà yẹn rẹ́."

"Kí ni kó wá kọ?"

"Kó má kọ nǹkan kan. Àwọn ni wọ́n á máa mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Tí mo bá fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, màá dìde, màá lọ bá a. Ẹsẹ̀ mi ò tíì dá." Ó rìn dé etí omi, ó gbé ohùn sókè kí ìgbì má baà bò ó mọ́lẹ̀. "Ìyá Wistin, ìgbéyàwó yìí, oṣù wo lẹ rò pé ó dára?"

Lonza fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó rò ó.

"Oṣù kọkànlá," ló wí. "Kò sẹ́ni tó ń lọ sétíkun lóṣù kọkànlá."

Nazju kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Lonza rẹ́rìn-ín, ẹnu sì ya Wistin, ó ń wo ìyá rẹ̀, nítorí kò gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ọdún mọ́kànlá, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún.